Òjò Gíláàsì Lójú Ọ̀run: Ohun Tí A Wọ̀n àti Ohun Tí A Fi Ojú Inú Wò

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn Yorùbá ti ń wo ojú ọ̀run, tí wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ lórúkọ. Àgùàlà tí wọ́n ń pè ní ajá oṣù kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, ó ń yí oòrùn po gẹ́gẹ́ bí ayé wa ti ń ṣe. Àwọn ìràwọ̀ mìíràn náà ní pílánẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HD 189733 b, ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

Ọdún 2005 ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀ láti ibùdó ìwòràwọ̀ Haute-Provence ní ilẹ̀ Faransé. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ rẹ̀ ń lo nǹkan bí ọdún 64 lójú ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwòrán pílánẹ́ẹ̀tì yìí tí ó kún inú ìwé, ọwọ́ ayàwòrán ni ó ti wá. Báwo ni a ṣe wá mọ̀ nípa rẹ̀? Ní ọjọ́ 2.2 kọ̀ọ̀kan, ó ń gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà a sì dín kù ní nǹkan bí ìdá 2.4 nínú 100. Láti ara àdínkù yìí ni a ti mọ̀ pé ó fi díẹ̀ tóbi ju Júpítà lọ. Ó tún ń fa ìràwọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Èyí ni ó jẹ́ kí a mọ bí ó ti wúwo tó, nǹkan bí 1.1 ìwọ̀n Júpítà. Ooru rẹ̀ ju 900 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ní ọdún 2015, wọ́n wọn ìjì rẹ̀: ó ń sáré ju kìlómítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ti àwọ̀ ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ tí wọ́n lo awò-awọ̀nàjíjìn Hubble kéde pé nígbà tí pílánẹ́ẹ̀tì náà bọ́ sẹ́yìn ìràwọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró dín kù, ṣùgbọ́n ti àwọ̀ ewé kò dín. Àwọ̀ aró ni pílánẹ́ẹ̀tì náà nígbà náà. Kì í ṣe ti òkun, nítorí omi kò lè dúró nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ó ṣeé ṣe kí èérún kéékèèké irú èyí tí ó wà nínú yanrìn kún òfuurufú rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé èérún náà lè di gíláàsì, kí ìjì sì máa gbé e sáré ní ìbú.

Ibí yìí ni ó yẹ kí àwa tí a ń fi èdè Yorùbá kọ́ ni ti ṣọ́ra. “Òjò gíláàsì ń rọ̀ níbẹ̀” àti “ó ṣeé ṣe kí òjò gíláàsì máa rọ̀ níbẹ̀” kì í ṣe gbólóhùn kan náà. Èkíní ń jẹ́rìí sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Èkejì fi àyè sílẹ̀ fún ìwádìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi èkíní kọ́, bí ìwádìí bá já a lọ́la, bóyá ni yóò tún gba ọjọ́ 2.2 náà gbọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni a wọn ìyẹn dájú.

Ní ọdún 2024, awò James Webb fi hàn pé gáàsì tí ń mú kí ẹyin òbu máa rùn wà nínú òfuurufú rẹ̀. Kò sí imú tí ó gbọ́ òórùn náà. Àmì tí gáàsì yìí fi sára ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó gba inú òfuurufú náà kọjá ni wọ́n kà.