Àádọ́ta Ọ̀kẹ́ àti Ohun tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Bí ènìyàn bá dúró ní ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀ ní ọjọ́ tí ọjà kún, kì í pẹ́ kí ó tó gbọ́ "mílíọ̀nù" lẹ́nu àwọn oníṣòwò. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pàápàá gbà pé òǹkà Yorùbá kò lè gbé iye tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ó ní orúkọ: àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ìṣirò sì ni orúkọ náà látòkè délẹ̀.

Inú owó ẹyọ ni ó ti wá. Ogójì ẹyọ ni àwọn baba wa ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe àádọ́ta ọ̀kẹ́ ti yọ kúrò, ó sì ti sọ di púpọ̀, kí ó tó pa ẹnu dé.

Ẹ jẹ́ kí a tú u wò. Àwọn òǹkà tí kò ṣe é fọ́ sí wẹ́wẹ́ mọ́, bíi 2, 3, 5 àti 7, ni a fi ń tú àwọn yòókù. Bí a bá tú ọ̀kẹ́ kan, 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin ni a ó bá nínú rẹ̀. Nítorí pé 2 márùn-ún kò ṣe é pín sí méjì lọ́gbọọgba, kò sí odidi òǹkà kan tí a lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kí ó jẹ́ ọ̀kẹ́ kan géérégé. Ṣùgbọ́n àádọ́ta mú 2 kan àti 5 méjì wá: 2 di mẹ́fà, 5 náà di mẹ́fà. Mẹ́fà ṣe é pín sí méjì, ó sì ṣe é pín sí mẹ́ta. Ìdí nìyí tí àádọ́ta ọ̀kẹ́ fi jẹ́ 1,000 lọ́nà 1,000, tí ó sì tún jẹ́ 100 lọ́nà 100 lọ́nà 100. Òǹkà 49 ni ó lè pín in láìṣẹ́kù, nítorí pé ọ̀nà méje ni a lè gbà mú 2 (láti orí àìmú rárá títí dé mẹ́fà), ọ̀nà méje sì ni ti 5.

Ẹ wá yọ ẹyọ kan kúrò. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ dín kan, 999,999, ni 3 mẹ́ta, 7, 11, 13 àti 37 pa pọ̀ dá. Kò sí 2 níbẹ̀, kò sì sí 5. Aládùúgbò ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò bá ara wọn tan.

Owó bébà ₦200 jáde ní ọdún 2000. Ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ó ń wà nínú ìdì kan láti báńkì. Ọgọ́rùn-ún lọ́nà igba sì jẹ́ 20,000, ọ̀kẹ́ kan, láìlé láìdín. Obìnrin oníṣòwò tí ó bá to àádọ́ta irú ìdì bẹ́ẹ̀ sínú àpò ní Ajégúnlẹ̀ ti ka àádọ́ta ọ̀kẹ́ bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù ni ó wà lẹ́nu rẹ̀.