Fọ́tò àti fíìmù yín: ṣé ilé ló yẹ kó wà ni, àbí lọ́dọ̀ Google?

Fàájì ọ̀fẹ́ ti tán o! Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 2021, ni Google ò ti jẹ́ káwọn èèyàn máa kó fọ́tò síbẹ̀ láìníye mọ́. 15GB péré ni ọ̀fẹ́, lẹ́tà, fọ́tò àti fáìlì ló sì jọ ń pín in. Tó bá ti kún, owó ló kù. Lọ́dún 2023, òfin mìíràn tún jáde: àkáǹtì téèyàn ò bá ṣí fún ọdún méjì, wọ́n lè pa á rẹ́. Bàbá tó bá kú, táwọn ọmọ ò mọ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, fọ́tò ẹ̀ wà nínú ewu nìyẹn.

Ìdí nìyí táwọn kan fi ń tọ́jú tiwọn sílé. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan àti háàdì ńlá ti tó, wọ́n á fi Jellyfin, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sí i, gbogbo ará ilé á sì máa wo fíìmù lórí fóònù àti tẹlifíṣàn láìná dátà. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já lóṣù kẹta, ọdún 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní Nàìjíríà, tiwọn ṣì lè ṣiṣẹ́.

Àmọ́ tilé náà ní wàhálà tiẹ̀. Tí iná bá lọ lójijì, háàdì lè bàjẹ́. Olè lè gbé e, ilé sì lè jó.

Fíìmù tẹ́ ẹ lè rí rà padà, ẹ fi sílé. Ṣùgbọ́n fọ́tò ìgbéyàwó àti tàwọn òbí tó ti lọ, ibi méjì ni kẹ́ ẹ kó o sí: ọ̀kan nílé, ọ̀kan níta.