Àṣíborí: nítorí orí ni, tàbí nítorí ọlọ́pàá?

Ìgbà kan wà ní Àjàṣẹ́ tí a máa ń fi ẹni tó bá dé àṣíborí lórí alùpùpù ṣe yẹ̀yẹ́: a ó ní ojo ni. Lónìí, ọ̀pọ̀ zémidjan ló ní kásìkì tirẹ̀. Àyípadà ńlá ni. Àmọ́ ẹ wo ibi tí kásìkì náà ń gbé: ó kọ́ sí apá, tàbí sí ọwọ́ alùpùpù, títí a ó fi rí ọlọ́pàá lókèèrè. Bí a bá kọjá tán, a ó tún ṣí i kúrò lórí. Owó ìtanràn ni a ń sá fún.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Èèpo òde rẹ̀ ń tan agbára ìkọlù káàkiri. Fóòmù inú ń rún kí agbárí má baà fọ́. Ìdí nìyí tí èyí tó ti gba ìkọlù líle lẹ́ẹ̀kan kò fi wúlò mọ́, bó tilẹ̀ ń dán. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí akoto àwọn mọlémọlé, tí àwọn kan ń dé nítorí pé kò wọ́n, kò fi lè rọ́pò rẹ̀. Ní 2008, àwọn onímọ̀ Cochrane kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Ṣùgbọ́n bí a kò bá de okùn abẹ́ àgbọ̀n, yóò ti fò lọ kí orí tó kan ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ èrò ẹ̀yìn ló ká mi lára jù. Ìyá tó ń lọ sóde kò fẹ́ kí gèlè òun wó. Òmíràn kórìíra òógùn ẹlòmíràn. N kò bá wọn wí: ta ni yóò fẹ́ dé ohun tí ogún orí ti dé láti àárọ̀? Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi wérí sábẹ́ rẹ̀ ti tó láti yanjú ìyẹn.

Ti àwọn ọmọ kò ní àwáwí. Láràárọ̀ ni mò ń rí ọmọ méjì, mẹ́ta, lẹ́yìn òbí kan ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, òbí nìkan ló dé kásìkì. Bàbá kan dá mi lóhùn pé òun tí òun ń wà á ni ọlọ́pàá ń dá dúró. Àwọn díẹ̀ ti ń ra kékeré fún ọmọ wọn. Ẹ dé e fún un, ẹ de okùn rẹ̀, kí ẹ ní kó mi orí: bó bá yí, ó ti tóbi jù.