Ìyàwó nìkan kọ́ ló ń yàgàn o! Ohun tó ń bẹ nínú àtọ̀ tójú lásán ò rí

Láti Òkìtìpupa dé Igbótako, títí wọ Òde-Ìrèlè, nǹkan kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Ìkálẹ̀ bí ìyàwó bá lo ọdún mẹ́ta lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ láìgbọ́mọ pọ̀n. Ìyá ọkọ á máa sọ̀kò ọ̀rọ̀, wọ́n á mú ìyàwó kiri ilé àdúrà àti ilé eléwé-ọmọ. Bí kò bá sì lóyún síbẹ̀, ọkọ á fẹ́ òmíì. Kò sẹ́ni tó máa bi ọkọ léèrè pé, “Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti lọ yẹ ara ẹ wò?”

Bẹ́ẹ̀ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2023 pé nínú èèyàn 6, ẹnì kan máa ń ní ìṣòro àìrọ́mọbí láyé ẹ̀. Àwọn dókítà sì ti rí i pé nínú bí ìdajì irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀.

Ọkùnrin lè lágbára bí ẹṣin, kó má lè fún obìnrin lóyún. Ẹ wo pupuru táwọn ará Ìkálẹ̀ ń jẹ. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, wọ́n á fún un, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á yan án lórí iná. Bí wọn ò bá ṣe ọ̀kan dáadáa níbẹ̀, òde ẹ̀ lè máa dán, kínú ti bà jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ àtọ̀ ṣe rí nìyẹn. Nǹkan bí ọjọ́ 74 ni ọmọ àtọ̀ kan fi ń dàgbà nínú kórópọ̀n. Orí ẹ̀ ló fi ń gbé DNA, ìyẹn ogún tí bàbá fẹ́ fún ọmọ. Purotéènì kan tó ń jẹ́ histone ni wọ́n kọ́kọ́ wé ogún náà mọ́. Tó bá yá, ara á lẹ àwọn àmì kéékèèké mọ́ histone, àmì yìí lá jẹ́ kó tú, kí purotéènì mìíì, protamine, lè gbapò ẹ̀, kó sì di ẹrù náà pinpin. Bí àmì ò bá lẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹrù ò ní dì. Ọmọ àtọ̀ lè pọ̀, kó máa lúwẹ̀ẹ́ dáadáa lábẹ́ awò dókítà, síbẹ̀ kí oyún má dúró. Àyẹ̀wò àkànṣe ló ń fi ìyẹn hàn.

Kí ló ń ba àtọ̀ jẹ́? Ooru wà níbẹ̀, torí kórópọ̀n ń fẹ́ ibi tó tutù ju inú ara lọ. Sìgá wà níbẹ̀, àtọ̀sí tí wọn ò tọ́jú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣan tó wú nínú kórópọ̀n. Ògógóró náà ò gbẹ́yìn, bó ti wù kí wọ́n rẹ egbò sínú ẹ̀ pé agbára ọkùnrin ni. Ará Òde-Ìrèlè ò nílò ìtàn lórí ìyẹn: lóṣù kẹrin ọdún 2015, ó lé ní èèyàn 15 tó kú níbẹ̀, ògógóró tó ní májèlé methanol ni wọ́n ló fà á.

Ṣùgbọ́n ìrètí ń bẹ o. Lọ́dún 1989 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru fi iṣẹ́ wọn bá tọkọtaya kan rọ́mọ nílé ìwòsàn LUTH, l'Ékòó, ọmọ tí wọ́n pa àtọ̀ àti ẹyin ẹ̀ pọ̀ níta ara.

Kí ọkùnrin tó ṣàyẹ̀wò àtọ̀, kó yẹra fún obìnrin fún ọjọ́ 2 sí 7, kó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó jáwọ́ nínú sìgá lónìí, kó ní sùúrù bí oṣù mẹ́ta kó tó tún yẹ ara ẹ̀ wò, torí àtọ̀ tuntun ò délẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹni méjì ló ń bímọ. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹni méjì náà ni kẹ́ ẹ ní kó lọ rí dókítà.