Wọ́n Tún Ìdí Ìbọn Gbẹ́: Láti Snider Ogun Kírìjì dé Wildcat Amẹ́ríkà

Ìbòkun ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, ẹ má bínú sí ariwo rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló bí ètò ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan ní àdúgbò wa gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ó ti wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń gbẹ́ ìdí ọ̀pá ìbọn wọn kí ó lè gba ẹ̀tù tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé alágbẹ̀dẹ wa kò lè ṣe irú èyí sí tèmi náà?" Mo ní kó jókòó.

Ṣakabùlà ni ìbọn ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò di ọ̀kan mú rí, ẹnu ni wọ́n ti ń kì í. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí i, á fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á kó ọta lé e, á sì fi nǹkan dí i. Ìdí ọ̀pá náà ti dí pa. Kò ní ohun tí n ó máa pè ní ilé ọta rárá, ìyẹn ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ìdí ìbọn tó bá kátíríjì kan ṣoṣo mu, bí àkọ̀ ṣe ń bá idà tirẹ̀ mu. Kí la fẹ́ tún gbẹ́ níbẹ̀?

Ìbọn tó ní ilé ọta, kátíríjì ló ń jẹ: kòròfo idẹ, ẹ̀tù nínú rẹ̀, ọta lẹ́nu rẹ̀, ohun tí ń ṣáná ní ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá yìn ín, kòròfo á fẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ọta pinpin, kí èéfín gbígbóná má baà yọ sẹ́yìn bá ojú ẹni tó yìn ín. Fífẹ̀ yẹn gan-an ni ọgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà dá lé.

Wildcat ni wọ́n ń pe kátíríjì tí iléeṣẹ́ kì í ṣe tà, tí ẹni tó fẹ́ ẹ ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Parker Ackley, tó ṣiṣẹ́ ìbọn ní Trinidad, ní ìpínlẹ̀ Colorado, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ni orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ irú tí wọ́n ń pè ní "improved" jù. Kò fọwọ́ kan ìwọ̀n ọta. Ilé ọta ló gbẹ́ fẹ̀. Ara kòròfo tó ń tín lọ síwájú, ó mú un tọ́. Èjìká rẹ̀ tó dagun, ó mú un gún sókè. Èjìká .280 Remington ti 1957 jẹ́ dígírì 17.5; ti Ackley jẹ́ 40. Àyè tó ṣí sílẹ̀ ni ẹ̀tù tó lé ń gbà. Wọ́n á yìn kátíríjì ọjà nínú ilé tuntun náà, kòròfo á fẹ̀, á gba ìrísí ilé tó bá ara rẹ̀, bí búrẹ́dì ṣe ń gba ìrísí agolo. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á tún rọ ẹ̀tù sí i.

Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé tuntun náà gbọ́dọ̀ di kátíríjì àtijọ́ mú dáadáa; bí ó bá dẹ̀ jù, kòròfo lè ya. Ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹṣì ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ yẹn. Òòlù àti ẹwìrì kò lè dé ibẹ̀. Lójú tèmi pàápàá, èrè rẹ̀ kò tó ariwo tí wọ́n ń pa lé e lórí.

Àmọ́ ìgbà kan wà tí ìdí ìbọn tí wọ́n tún ṣe yí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà padà, kò sì jìnnà síbi tí mo jókòó sí. Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun tí Ìbòkun yìí jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti dojú kọ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àgọ́ tó tú.

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ló ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Snider ló pọ̀ nínú wọn. Ìró ìbọn ni wọ́n sì ní ó fún ogun náà lórúkọ Kírìjì.

Kí ni Snider? Ìbọn Enfield ti 1853 ni ní ìpìlẹ̀, tí wọ́n ń kì láti ẹnu bíi ṣakabùlà. Jacob Snider, ará Amẹ́ríkà, dá ọgbọ́n kan: gé ìdí ọ̀pá rẹ̀ kúrò, fi ilé ọta síbẹ̀, kí o sì fi ilẹ̀kùn kékeré bò ó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1866. Ọ̀pá àtijọ́ ni, ìdí tuntun ni. Sójà tó ń yìn tó ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan bẹ̀rẹ̀ sí í yìn tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ó sì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́yìn ògiri kì í. Oníṣakabùlà ní láti gbé ìbọn tirẹ̀ dúró kó tó lè tẹ ẹ̀tù, ọ̀tá á sì ti rí i.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbọ́ nìyí. Ọta ṣakabùlà, alágbẹ̀dẹ abúlé lè rọ ọ́. Kátíríjì Snider, Èkó ló ti ń wá, gba ọ̀nà Oǹdó. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, igi àti irin lásán ló kù lọ́wọ́ jagunjagun. Ẹni tó bá tún ilé ọta gbẹ́ ti yan ẹni tí yóò máa bọ́ ìbọn rẹ̀. Àwọn oníwildcat ní Amẹ́ríkà mọ èyí: wọ́n ń ra ẹ̀tù àti kòròfo ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kún un nílé. Ta ni yóò bọ́ tìrẹ ní Ìbòkun?

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 fi ṣakabùlà sí ìsọ̀rí tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ìbọn tí wọ́n bá yí padà kó lè máa gba kátíríjì láti ìdí ti kúrò ní ìsọ̀rí yẹn. Irin ọ̀pá rẹ̀ ńkọ́? Páìpù omi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo mọ ọdẹ àgbà kan tí kò ní àtàǹpàkò òsì mọ́, ẹ̀tù àtọwọ́dá lásán ló sì ṣe é. Kò tíì dé orí kátíríjì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́, ó ń fi ọwọ́ pa ọ̀pá ìbọn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà Oǹdó yẹn, ṣé ó dí rí?" Mo ní kó wá gbọ́ ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé la ó ti ṣe é, bí òjò bá jẹ́ kí ọ̀nà ṣeé rìn.