Ètò Kọ̀ǹpútà àti Kíkọ́ Èdè Látìn: Ta ni Yóò Yan Ìtumọ̀?

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti ṣàlàyé bí àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ èdè Látìn ṣe ń ṣiṣẹ́, kí a sì fi hàn pé ibi tí iṣẹ́ ẹ̀rọ parí sí gan-an ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Lílo ẹ̀rọ fún Látìn kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1949, Roberto Busa, àlùfáà Ìjọ Àgùdà tí ó jẹ́ ọmọ Ítálì, tọ ilé-iṣẹ́ IBM lọ ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ láti to àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé Thomas Aquinas. Ìdì ìwé 56 ni iṣẹ́ náà gbà nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde láàrin 1974 sí 1980. Lẹ́yìn náà ni William Whitaker, kọ́nẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, ṣe ètò tí a mọ̀ sí Words. Bákan náà ni Perseus ti Yunifásítì Tufts ń tú ọ̀rọ̀ Látìn palẹ̀ fún òǹkàwé.

Báwo ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Látìn ní ìpìlẹ̀ àti àfòmọ́ ìparí. Ẹ̀rọ yóò yọ àfòmọ́ náà kúrò, yóò wá ìpìlẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè tí ó wà nínú rẹ̀, yóò sì to gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ sílẹ̀. Bí a bá fún un ní *venit*, ìtumọ̀ mẹ́ta ni yóò mú wá: (i) ó ń bọ̀, (ii) ó dé, (iii) a ń tà á. Fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ kúrú nínú (i), ó gùn nínú (ii) àti (iii), ṣùgbọ́n gígùn yìí kì í sábà hàn lójú ìwé.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Bí a kò bá fi àmì ohùn sí *ọkọ*, ó lè jẹ́ *ọkọ*, *ọkọ́* tàbí *ọkọ̀*. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí yóò ṣi “ó wọ ọkọ lọ sí Èkó” kà, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ti tú àṣírí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1) Canis in forum venit.
(2) Canis in foro venit.

*Canis* ni ajá. *Forum* ni gbàgede ọjà. Nínú (1), ìparí *forum* fi hàn pé ajá ń lọ síbi kan. Nítorí náà, (i) tàbí (ii) ni *venit*, ìtàn tí ó yí gbólóhùn náà ká ni yóò sì yan ọ̀kan. Nínú (2), *foro* ń sọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. (Iii) ni ó bá a mu jù: a ń ta ajá náà lọ́jà. Ẹ̀rọ atúpalẹ̀ tí ń wo ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè ṣe ìyàtọ̀ yìí fún wa. Àwa náà ti mú ìdáhùn tí ó wà lókè pátápátá rí, a sì ta ajá tí ó kàn ń rìn lọ sọ́jà.

Àwọn ètò mìíràn wà tí ń túmọ̀ odidi gbólóhùn. Google Translate bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Látìn ní 2010. Irú èyí máa ń fún wa ní ìtumọ̀ kan péré. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó fi ibi tí oríta wà pa mọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá sì ṣìnà, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ibi tí ó ti ṣìnà.

Ní ìparí, èrò wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ wá olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó tó bi ẹ̀rọ atúpalẹ̀ léèrè. Lẹ́yìn náà, kí ó yan ìtumọ̀ kan, kí ó sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi mú àwọn yòókù. Ẹni tí ó bá lè ṣe àlàyé yẹn ni ó ka Látìn. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, ẹ̀rọ ni ó bá a kà á.