Ojú Ọmọ Tó Pọ́n, Ọrùn Tí Kò Dúró

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níbi tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ìyá kan lè gbé ọmọ wá, kí ó ní: "Bùọ̀dá, oṣù mẹ́wàá rèé, ọmọ yìí kò tíì lè dá jókòó." Nígbà mìíràn, àwọn ará ilé á ti sọ fún un pé iṣẹ́ ayé ni.

Àwọn ọmọ kì í rìn lọ́jọ́ kan náà. Òmíràn á rìn ní oṣù 9, òmíràn ní oṣù 15, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọrùn kò bá dúró ní oṣù 4, tí ọmọ kò dá jókòó ní oṣù 9, tàbí tí kò rìn ní oṣù 18, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, èyí tí kò wọ̀n tó kìlógíráàmù 2.5, àti èyí tí kò tètè ké nígbà ìbí, gbogbo wọn ló yẹ kí a máa ṣọ́. Èyí tí a fẹ́ dúró lé lórí ni jọ́ńdíìsì, nítorí pé púpọ̀ nínú ìdènà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ pupa bá gbó tó sì fọ́, ohun kan tó ní àwọ̀ ìyeyè, bilirubin, máa ń jáde láti inú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o dànù, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń pọ́n díẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí yóò sì lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń wọ inú ọpọlọ, ó sì ń ba ibi tó ń darí ìrìn ara àti ìgbọ́ràn jẹ́. Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá ni a bí pẹ̀lú àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Àwọn ọmọkùnrin ló ń bá jù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́ òórùn kànfọ̀ funfun róbótó tí à ń jù sínú àpótí aṣọ, nítorí ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. A kì í sì í mọ ẹni tí ó jẹ́ lójú lásán. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ìró tí ìyá àgbà yọ láti ìsàlẹ̀ àpótí wá síbi ìsọmọlórúkọ, ibẹ̀ ni kànfọ̀ ń gbà wọlé. Ẹ má ṣe fi wọ́n wé ọmọ. Ẹ jìnnà sí ìpara olómẹ́ńtóólù pẹ̀lú. Ìyá tó ń fún ọmọ tuntun lọ́yàn kò gbọdọ̀ dá Septrin lò láìbéèrè.

Ẹ gbé ọmọ sí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, ẹ fi ìka tẹ iwájú orí àti àyà rẹ̀, kí ẹ wo àwọ̀ ibẹ̀. Bí ojú bá pọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, tí àwọ̀ náà bá dé àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ má dúró de ọjọ́ kéje. A lè sọ ọmọ lórúkọ ní ilé ìwòsàn.

Omi glúkóòsì, omi ìbẹ́pẹ àti oògùn ẹ̀kán tí wọ́n ń wá rà lọ́wọ́ wa kò ń kó bilirubin kúrò. Títẹ́ ọmọ sí oòrùn àárọ̀ kò tó. Iná aláwọ̀ búlúù ní ilé ìwòsàn ló ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti le jù, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Bí ọmọ bá ti pẹ́ kó tó jókòó, ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú, kí ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀ fisiotẹ́rápì. Ọmọ oṣù mẹ́fà ń jàǹfààní rẹ̀ ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ.